Òǹtẹ̀ Tí Wọ́n Fi Sí Ọrùn Sùtánà Wa

Mo rántí ìgbà tí kò sí aṣọ funfun kan tó ń wọ ilé àdúrà wa ní Chadwell Heath, ní London, tí kò ti abẹ́ ọwọ́ mi kọjá. Gbọ̀ngàn kan tí a háyà lẹ́yìn àwọn ìsọ̀ ojú High Road ni a ń lò nígbà náà. Bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Ìsinmi, bàtà ni yóò kọ́kọ́ rí, tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, nítorí pé a kì í wọ bàtà wọlé. Lẹ́yìn bàtà ni yóò rí sùtánà. Èmi máa ń wo sùtánà wọ̀nyí láti ọrùn dé etí ìsàlẹ̀, mo sì máa ń mọ ẹni tó ti sanra, ẹni tó ti rù, àti ẹni tó ti lóyún tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Aránṣọ ni wọ́n ń pè mí. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ni títọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ mi sára káàdì kan tí mo ń fi kọ́ àyà, tí kò sì sí ẹni tó ráyè pè é bó ṣe yẹ. Nínú ìjọ ni mo ti jẹ́ ènìyàn.

Ilé tí mo ń gbé ní Marks Gate wà lókè pátápátá, kò sì tóbi. Yàrá ọmọ mi obìnrin ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí, ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà A12 sì máa ń dà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rọ náà títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú. Mo ní àṣà kan tí ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi lé mi lọ́wọ́: bí mo bá ti ń ṣẹ́ etí sùtánà, mi ò gbọ́dọ̀ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Sáàmù ni mo máa ń kà lábẹ́lẹ̀ títí n ó fi yí etí aṣọ náà ká. Àwọn ará ìjọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù tí mi ò gbé e, wọ́n á ní mo wà nídìí etí aṣọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni kí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi kí ó máa bi mí ní ìbéèrè: báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é níbí, Ma, èwo ni kí n ṣe? Bí wọ́n bá bi mí báyìí, n ó wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi.

Bí mo ṣe wà nìyẹn nígbà tí Ìyá Ìbejì kó dé sí àdúgbò Valence. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ilé rẹ̀ ní ọgbà lẹ́yìn, ó ní yàrá àlejò lókè, kò sì jìnnà sí páàkì tí àwọn ìbejì rẹ̀ ti ń gun kẹ̀kẹ́. N ó sọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó bi mí: obìnrin náà kò ṣẹ̀ mí rárá, èyí gan-an ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dùn mí. Bí ó bá ṣẹ̀ mí ni, n bá mọ ohun tí mo ń bínú sí. Ó rẹwà, ó lọ́yàyà, kì í gbàgbé orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Kò tíì pẹ́ láàárín wa tí àwọn obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé rẹ̀ bí wọ́n bá ti ọjà bọ̀. Sùtánà tí wọ́n rán fún un ní ilé, ní Nàìjíríà, ló wọ̀ dé. Mo wo ìlà ọrùn rẹ̀ títí, mo ń wá ibi tó wọ́, mi ò rí i. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Lọ́dún náà, gbogbo aṣọ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù fún mi.

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àlùfáà àgbà kan wá láti oríkò ìjọ wa ní Nàìjíríà. Ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ló gbé e dé Chadwell Heath, àwa obìnrin sì fi orin pàdé rẹ̀ lẹ́nu ibùdókọ̀. A kò tíì yan ẹni tí yóò gbà á sílé. Èmi ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi, mo ti wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ sí pálọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìjọ, ẹni tó jẹ́ olórí wa níbí, wo bí àlejò náà ṣe sanra tó, ó rántí pé ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè nílé wa máa ń dákú, ló bá ní kí wọ́n gbé àlùfáà lọ sí Valence. Ó sùn lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì. Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ níbẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn débi pé ó dárúkọ ìkọ́kọrẹ́ náà nínú ìwàásù. Mo ṣe àmín pẹ̀lú àwọn yòókù.

Lẹ́yìn ìwàásù náà ló sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní ìgbìmọ̀ àgbà oríkò ti jókòó, wọ́n sì ti fẹnu kò. Láti ìgbà náà lọ, sùtánà tí wọ́n rán tán láti oríkò nìkan ni gbogbo ẹ̀ka tó wà lẹ́yìn odi yóò máa wọ̀. Òǹtẹ̀ kékeré kan yóò wà lábẹ́ ọrùn rẹ̀, owó òǹtẹ̀ náà yóò sì máa lọ sí ilé ńlá tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn tó ń wá sí ìpàdé ọdọọdún. Sùtánà tuntun tí kò bá ní òǹtẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yà á sí mímọ́. Ó ní ìdì aṣọ náà ti wà lọ́nà. Ó ní Ìyá Ìbejì ni yóò máa bá oríkò tà á.

Mi ò gbọ́ ìyókù. Bí wọ́n bá ní kí n san owó ni, n bá san án, kí n sì kùn díẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń kùn. Bí ó bá sì ṣe pé èmi ni wọ́n ní kí n máa ta aṣọ olóǹtẹ̀ náà, mo mọ ẹsẹ Bíbélì tí n bá fi gbè wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kí wọ́n gbé e fún ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kí wọ́n má sì kí mi kí wọ́n tó ṣe é! Mo yíjú sí Ìyá Ìbejì. Ó tẹ orí ba, ó ń fi ọwọ́ pa etí àmùrè rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ayọ̀ ló ń pa mọ́.

Nígbà tí a ń pín ìrẹsì lẹ́yìn ìsìn, kálukú ń kùn ní igun tirẹ̀. Owó òǹtẹ̀ náà kò ju ohun tí a lè san lọ, síbẹ̀ gbogbo ẹnu ló korò. Àgbà ìjọ kan wà láàárín wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Dagenham, Tíṣà ni a ń pè é. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀kọ́ tí òun ń kọ́ àwọn ọmọ òun lọ́wọ́ náà nìyí. Ó wá sọ fún wa nípa àwọn òyìnbó tó ṣí kúrò ní ìlú yìí nígbà láéláé tí wọ́n lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà. Ìjọba tó wà ní London níbí, tí agbami òkun wà láàárín òun àti wọn, ní kí wọ́n máa san owó òǹtẹ̀ lórí ìwé, kí wọ́n sì máa san owó bodè lórí tíì tí wọ́n ń mu, wọ́n sì fárí gá. Wọ́n kọ òǹtẹ̀, wọ́n kọ tíì, wọ́n kọ aṣọ tó ń ti òkèèrè wá. Àwọn obìnrin wọn jókòó pọ̀, wọ́n ń rànwú, wọ́n ń hun aṣọ tiwọn. Mo bi í bóyá owó náà pọ̀ jù fún wọn ni. Ó ní rárá, pé àwọn tó wà nílé níbí gan-an ń san jù wọ́n lọ. Mo ní kí ló wá ń bí wọn nínú?

“Mummy, it's not about the money,” ni Tíṣà wí. “Wọn ò bi wọ́n. Àwọn tó wà nílé ní ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní Parliament, àwọn tó wà lẹ́yìn odi ò ní. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, àbí?”

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé e dé Marks Gate. Ẹ̀gbá ni ìyá tó bí ìyá mi, ó sì máa ń sọ fún wa nígbà èwe wa bí àwọn obìnrin ìgbà tiwọn ṣe kọ owó orí tí ìjọba òyìnbó gbé kà wọ́n lórí, tí wọ́n fi orin sí i, tí wọ́n sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ìgbàkígbà tó bá sọ ọ́, kì í sọ iye owó. Ohun tó máa ń sọ ni pé àwọn ọkùnrin kan jókòó síbi kan, wọ́n ka orí àwọn bí ẹni ka adìẹ, wọn kò sì bi àwọn adìẹ. Ọba òyìnbó tí owó náà ń lọ bá, London níbí ló ń gbé. Èmi ọmọ ọmọ ìyá Ẹ̀gbá náà wá dé London, owó sì tún ń gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ sílé. Mo rò ó títí, ó wá hàn sí mi pé ohun tó ń ṣe àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Owú ni. Ó dà bí ìyáálé tí ọkọ rẹ̀ ń ránṣẹ́ wá bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò rẹ̀, tó sì jẹ́ pé yàrá ìyàwó kékeré ni wọ́n ti jókòó pinnu iye ẹran tí wọn yóò bù. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Mo ní sùtánà tí a ti yà sí mímọ́ kò lè di aláìmọ́, bó ti wù kó gbó tó. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ra tuntun. Kí kálukú mú ògbólógbòó rẹ̀ wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé, a ó lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ wá yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ. Àwọn ènìyàn wa kì í wọ aṣọ tó lẹ́gbin wá síwájú Ọlọ́run, aṣọ àlẹ̀mọ́ sì burú jù. Mo ní a kò ní fi àlẹ̀mọ́ náà pamọ́. Funfun titun ni n ó lẹ̀ mọ́ funfun tó ti pọ́n, ní àyà gbangba, kí ojú lè rí i. Mo sọ ọ̀rọ̀ nípa àìbini léèrè, mo sọ ti ìyá ìyá mi, mo sọ ti àwọn ará Amẹ́ríkà bí ẹni pé a jọ gbé àdúgbò. Orúkọ Ìyá Ìbejì kò jáde lẹ́nu mi.

Wọ́n wá. Ẹ ò rí i bí ilé mi ṣe kún! Àwọn tó ti ń yà sí Valence yí ẹsẹ̀ padà, wọ́n gun àtẹ̀gùn títí dé òkè, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, sílẹ̀, sínú báálùwẹ̀ pàápàá. Mo ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, mo ń fi bí wọ́n ṣe ń mú abẹ́rẹ́ hàn wọ́n. Iṣẹ́ ò pọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, inú mi ò sì dùn bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá ọmọ mi, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì, dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kò rí ibi jókòó nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bi mí ní ìbéèrè kan péré.

“Ìyá Aránṣọ, oríkò lẹ ń bá jà ni, àbí Ìyá Ìbejì?”

Mo bu oúnjẹ fún un, mo gbàgbé láti fi ẹran sí i.

Nígbà ìkórè, àlùfáà àgbà náà padà wá, a sì rò pé bí ọjà ṣe ń lọ ló wá wò. A jẹ́ kó jókòó. Lẹ́yìn náà ni a wọlé lẹ́sẹẹsẹ, ọkùnrin àti obìnrin, gbogbo wa pẹ̀lú àlẹ̀mọ́ láyà. Kò sí ẹni tó kọrin. Mo rí i bí ojú àlùfáà ṣe ń lọ láti ara àlẹ̀mọ́ kan dé òmíràn. Bàbá Ìjọ wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi ń dùn gidigidi, mo ń wá ojú Ìyá Ìbejì kiri, mo fẹ́ rí bí yóò ṣe rí nínú aṣọ olóǹtẹ̀ rẹ̀ láàárín wa.

Òun ló wọlé kẹ́yìn. Sùtánà ilé rẹ̀ tó dára yẹn ló wọ̀, àlẹ̀mọ́ sì wà láyà rẹ̀. Ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ tí kò ya, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ojú abẹ́rẹ́ náà wọ́ bí ọ̀nà ejò. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò pè é.

Àlùfáà bi wá pé kí ló dé. Tíṣà dìde, ó ní, “A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, sà,” ó sì jókòó. Àlùfáà mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí oríkò, pé ẹnì kan ti ń sọ ọ́ sí wọn létí láti ìgbà tí òun ti padà délé. Ó ní obìnrin tí wọ́n ní kó máa ta aṣọ náà kò ta ẹyọ kan. Ó dá ìdì aṣọ náà padà, ó sì ń pe àwọn àgbà oríkò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń bá wọn jiyàn, pé òun ò lè ta ohun tí wọn ò bi àwọn ènìyàn òun léèrè kí wọ́n tó gbé e dé. Àwọn kan tiẹ̀ ti pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Gbogbo ìjọ yíjú wo Ìyá Ìbejì. Ó tún tẹ orí ba, ó ń pa etí àmùrè rẹ̀.

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí owú ṣe ń korò tó, kí ó wà níbi tí mo wà lọ́jọ́ náà. Mo ti kó odindi ìjọ jọ lòdì sí i, ó sì ti ń bá wa jà lẹ́yìn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n rí i bínú sí ní ìrọ̀rùn.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ìròyìn dé pé oríkò ti fagi lé òǹtẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn ẹ̀ka ẹ̀yìn odi yóò ní ìjókòó kan nínú ìgbìmọ̀ àgbà, kí ẹnikẹ́ni má baà tún ní wọn ò bi òun. Bàbá Ìjọ yóò kéde ẹni tí yóò jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Mo mọ ilé ẹni tí a ti jókòó. Mo rán sùtánà tuntun kan fún ara mi láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ka Sáàmù yí etí rẹ̀ ká, mo gbé e sínú báàgì kí n lè pààrọ̀ aṣọ bí wọ́n bá pè mí. Ìyá Ìbejì ni wọ́n pè. Oríkò ló béèrè fún un, torí pé wọ́n ti mọ ohùn rẹ̀. Mo gbé báàgì mi padà sílé, mo sì fi aṣọ náà sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. A ti kúrò ní gbọ̀ngàn yẹn, ọmọ mi ti kúrò nílé, mo sì ní yàrá kan lódindi fún ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Àwọn ènìyàn ṣì ń wá sọ́dọ̀ mi fún sùtánà, Ìyá Ìbejì náà sì ń wá. Mi ò lè sọ pé owú náà ti kú. Ó ti dàgbà, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó máa ń jókòó sí igun kan, bí mo bá sì gbọ́ tí ẹnì kan ń yin obìnrin náà, yóò dìde díẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ìgbìmọ̀ àgbà tún gbé ọ̀rọ̀ owó kan kalẹ̀ lórí àwọn ẹ̀ka ẹ̀yìn odi, wọ́n fẹ́ fi tún òrùlé ilé àdúrà oríkò ṣe. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣèpàdé báyìí. Ìyá Ìbejì ní kí àwa obìnrin wá jókòó sí pálọ̀ òun ní Valence lọ́jọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ inú ilé yẹn nìyẹn. Ilé náà dára bí mo ṣe bẹ̀rù pé yóò dára. A ń wo ojú àwọn àgbà nínú kọ̀ǹpútà, alága wọn ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ó fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i kí iná mànàmáná tó lọ. Nígbà tó kan Ìyá Ìbejì, ó ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀. Ó yí àga rẹ̀ padà sí wa. Obìnrin pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ló wò.

“Ìyá Aránṣọ,” ó ní, “kí ni kí n sọ fún wọn, Ma?”

Gbogbo pálọ̀ yíjú sí mi. Àwọn àgbà oríkò náà ń dúró dè mí nínú ẹ̀rọ, èmi tí káàdì ni wọ́n fi ń mọ orúkọ mi níbi iṣẹ́. Mo wá òṣì, mo wá ọ̀tún nínú ara mi fún ìbínú tí mo gbé wá láti Marks Gate, mi ò rí i mọ́.

“Sọ fún wọn pé a ó san án,” ni mo wí.

Ó yí padà, ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ dáadáa ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ, ó tún fi àdúrà kún un. Gbogbo àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.